Pẹ́ńsù, iná ọba, àti ọmọ Nàìjíríà tó ń lọ sí gbalasa òfuurufú

Orí àga onígbàjámọ̀ ni mo wà ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Oṣù Kẹta ọdún 2016 ń wọnú oṣù Kẹrin. Iná ti lọ láti àárọ̀. Kílípà tó ń rìn lórí mi, ara jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I-better-pass-my-neighbour ló ti ń jẹun, ọmọṣẹ́ sì ní láti fa okùn rẹ̀ nígbà mẹ́rin kó tó gbà láti dún. Epo inú rẹ̀, ọ̀gá sùn sílé epo ni kó tó rí i rà sínú kẹ́ẹ̀gì. Rédíò alábátìrì tó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí ló sọ pé mínísítà ètò sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ti kéde pé tó bá máa fi di ọdún 2030, Nàìjíríà yóò ti rán ọmọ rẹ̀ kan lọ sí gbalasa òfuurufú.

Ọ̀gá pa kílípà. Ó wò mí nínú dígí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, níbo ni wọ́n ní ọmọ yẹn ń lọ?"

Mo ní òkè lọ́hùn-ún ni, ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí mọ́.

Ó ní, "Kò burú. Ta ló máa lọ bá wọn tò fún epo ẹ̀?"

Àwàdà yìí la fi sin ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ náà, àwàdà náà ni púpọ̀ nínú wa sì fi ń rántí rẹ̀ títí di òní. Ó wù mí kí n tú u palẹ̀ lọ́tun, nítorí nínú gbogbo ẹ̀rín yẹn, àwọn kan rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò yẹ kí wọ́n rín, wọn ò sì béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè.

Ọ̀mọ̀wé Ogbonnaya Onu ló sọ ọ́, l'Ábújá, níwájú àwọn ọ̀gá ológun. Kì í ṣe aláìmọ̀kan o. Ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ló kà ní Yunifásítì Èkó, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Berkeley l'Amẹ́ríkà, òun náà sì ni gómìnà àkọ́kọ́ tí ará ìlú dìbò yàn ní Ìpínlẹ̀ Ábíá. (Ó jáde láyé ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ.) Ohun tó sọ kò gùn. Ó ní ọ̀rọ̀ gbalasa kan ààbò orílẹ̀-èdè, pé Nàìjíríà kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn níbẹ̀. Ìròyìn tún fi kún un pé àwọn aṣojú NASRDA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójútó ọ̀rọ̀ gbalasa, yóò lọ bá àwọn ará Ṣáínà jókòó. Nínú gbogbo ìròyìn tí mo kà, mi ò rí iye owó, mi ò rí orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ rán, mi ò sì rí ọkọ̀ tí yóò gbé e. Ọdún 2030 nìkan ló dúró gbọn-in níbẹ̀.

Àsìkò tó bọ́ sí ló kọ́kọ́ pa á lára. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta yẹn gan-an, iná mànàmáná gbogbo orílẹ̀-èdè wálẹ̀ sí òdo. Mi ò sọ ọ́ láti fi dẹ́rìn-ín pa yín. Fún bíi wákàtí mẹ́ta, mẹ́gáwáàtì kan ṣoṣo kò gba orí wáyà kọjá. Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún, owó epo bẹntiróòlù fò láti 86.50 náírà sí 145 náírà ní lítà kan. Ní oṣù Kẹfà, ìjọba tú okùn ọrùn náírà, dọ́là tó wà ní 197 náírà ní báńkì sì sáré kọjá 280. Kí ọdún náà tó parí, ọrọ̀ ajé wa ti rún ní ìdá 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún, irú èyí tí a kò rí fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Síbẹ̀, pẹ́ńsù ló ba tirẹ̀ jẹ́ jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016 kan náà, mínísítà kan náà ti sọ pé láàárín ọdún méjì, Nàìjíríà yóò máa ṣe pẹ́ńsù tirẹ̀, àti pé 400,000 ènìyàn yóò rí iṣẹ́ níbẹ̀. Èrò yẹn fúnra rẹ̀ kò burú, igi kò wọ́n wa. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì sí orí tábìlì kan. Ìlú tó gba ọdún méjì láti fi igi bo òjé dúdú inú pẹ́ńsù ló dá ọdún mẹ́rìnlá fún ara rẹ̀ láti gbé alààyè ènìyàn kọjá afẹ́fẹ́ kí ó sì gbé e padà wálẹ̀ láàyè. Ọdún 2018 tí wọ́n dá fún pẹ́ńsù pé. Nígbà tí iléèwé wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, mo ra páálí kan fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo sì yí i wò ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú ọlọ́jà. Òkèèrè ni wọ́n ti ṣe é.

Àwàdà mìíràn tún ti wà nílẹ̀ kí mínísítà tó lanu. Lẹ́tà gbájúẹ̀ kan ti ń rìn káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì fún bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ó sì tún jí dìde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016 yẹn. Ẹni tó kọ ọ́ pe ara rẹ̀ ní Ọ̀mọ̀wé Bákàrè Túndé. Ó ní mọ̀lẹ́bí òun, Mejọ̀ Abacha Túndé, ni ọmọ Áfíríkà tó kọ́kọ́ dé gbalasa, ní 1979, pé ó há sínú ibùdó ìkọ̀kọ̀ àwọn ará Soviet nígbà tí ìjọba wọn tú ká, àti pé owó iṣẹ́ rẹ̀ tó ti ń gorí ara wọn ti tó mílíọ̀nù 15 dọ́là. Kí ẹ ṣáà bá wa dá sí i kí a lè gbé e sọ̀kalẹ̀. Abacha Túndé! Ẹni tó hun irọ́ yìí kò tilẹ̀ rí Yorùbá kan bi léèrè bí a ṣe ń jẹ́ orúkọ. Ṣùgbọ́n lójú àwọn òyìnbó tó ti ka lẹ́tà yìí, ìkéde Àbújá àti Mejọ̀ Túndé di ọ̀rọ̀ kan náà. Ibi tí ẹ̀rín ti kọjá ààlà nìyẹn, nítorí NASRDA kì í ṣe irọ́.

Ọdún 1999 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Àjàyí Boroffice, ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó tó padà di sẹ́nétọ̀, ló sì kọ́kọ́ darí rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, rọ́kẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà kan gbé sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 lọ sókè láti Plesetsk. Iléeṣẹ́ Surrey Satellite ní Guildford, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é, owó rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 13 dọ́là. Nígbà tí ìjì Katrina fọ́ New Orleans ní 2005, sátẹ́láìtì wa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi àwòrán ibi tí omi bò ránṣẹ́ sí àwọn ará Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, méjì mìíràn gòkè lọ́jọ́ kan: NigeriaSat-2, àti NigeriaSat-X tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Nàìjíríà fi ọwọ́ ara wọn tò pọ̀ ní Guildford níbi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Ẹni tó bá mọ bí ọmọṣẹ́ ṣe ń gba òmìnira yóò mọ̀ pé bí ó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: ọ̀gá ń wo ọ, ọwọ́ rẹ ló wà lára iṣẹ́.

Èyí tó bàjẹ́ náà wà. NigComSat-1, sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀ tí àwọn ará Ṣáínà ṣe, gòkè ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là la kó lé e lórí. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló yẹ kó fi ṣiṣẹ́. Oṣù méjìdínlógún kò pé tí awẹ́ tó ń gba agbára oòrùn fi dà á, ó sì kú sókè ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008. Ẹ rántí àwọn awẹ́ yẹn, ohun tó ń pa wá nílẹ̀ náà ló pa á lókè: kò rí iná. Ìbánigbófò ló gbà wá, àwọn ará Ṣáínà ṣe òmíràn dípò rẹ̀ láì gba kọ́bọ̀ sí i, ó sì gòkè ní oṣù Kejìlá ọdún 2011.

Nítorí náà, nígbà tí mínísítà sọ̀rọ̀ ní 2016, ó ní ohun tó dúró lé. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló kọ́kọ́ ṣèlérí ènìyàn. Ètò tí NASRDA ti ń gbé kiri ṣáájú ti sọ pé ọmọ Nàìjíríà yóò ti di arìnrìn-àjò gbalasa tó bá máa fi di 2015. Ọdún 2015 wá, ó lọ. Kò sẹ́ni tó jáde wá sọ ìdí tí kò fi rí bẹ́ẹ̀, wọ́n kàn fi 2030 rọ́pò rẹ̀.

Ìlérí 2015 yẹn ti dá wàhálà sílẹ̀ ní Britain. Ní 2013, ìwé ìròyìn kan níbẹ̀ gbé e jáde pé orílẹ̀-èdè tí ìjọba Britain ń fún ní nǹkan bíi 300 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ́dún fẹ́ rán ènìyàn lọ sí gbalasa, àwọn tó ń san owó orí sì fárígá. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yẹn, mọ irú ojú tí wọ́n ń fi wò wọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn tó ń bínú pé Guildford ni owó sátẹ́láìtì wa wọlé sí, pé ará Surrey ló fi gba owó oṣù.

Ní ilé, òwe tí àwọn oníyèméjì ń pa ni pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Iná kò sí, ọ̀nà kò dára, àwọn ọmọ Chibok ò tíì délé, ẹ ní ẹ fẹ́ lọ sókè. Mo gbọ́ ọ, ó sì dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n òwe yìí kò tó ọ̀rọ̀ náà í pa. Tí a bá ní ká dúró kí iná tó dúró, kò ní sí yunifásítì kan tí yóò ṣí ilẹ̀kùn. India kò dúró. Sátẹ́láìtì tó ń wo ibi tí aṣálẹ̀ dé ní Sokoto àti ibi tí odò yóò ti kún kì í ṣe làpálàpá.

Ìṣirò ló yẹ kí wọ́n fi mú mínísítà. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìjọba fi ń rí ènìyàn gbé dé òkè. Àkọ́kọ́ ni kó kan ọkọ̀ tirẹ̀. Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà àti Ṣáínà nìkan ló ti ṣe èyí. Ṣáínà, pẹ̀lú gbogbo rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti ní, fọwọ́ sí ètò tirẹ̀ ní 1992, oṣù Kẹwàá ọdún 2003 ni Yang Liwei tó gòkè. India kéde tirẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 2018, wọ́n dá 2022, ọdún náà sì kọjá láìsí ẹni tó wọ ọkọ̀ wọn. India yìí ni wọ́n ti ń ju rọ́kẹ́ẹ̀tì tiwọn fún ogójì ọdún. Àwa, ibùdó rọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ní wà ní Ẹ̀pẹ́, ohun tí wọ́n ń dán wò níbẹ̀ kò tíì tó ohun tí ènìyàn ń wọ̀.

Èkejì ni kó ra ìjókòó nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ní àsìkò tí mínísítà ń sọ̀rọ̀, NASA pàápàá, iléeṣẹ́ gbalasa ti Amẹ́ríkà, kò ní ọkọ̀ tirẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù 82 dọ́là ló ń san fún àwọn ará Rọ́ṣíà lórí ìjókòó kan. Ẹ fi 197 náírà lù ú, ó lé ní bílíọ̀nù 16 náírà. Ìjókòó kan náà, láì fi dọ́là kan lé e, nígbà tí dọ́là dé nǹkan bí 1,500 náírà ní 2025, ti di bílíọ̀nù 123. Ẹni tó bá ṣe ìlérí ọdún mẹ́rìnlá lórí ohun tí a ń fi dọ́là rà, tí kò sì ya dọ́là kankan sọ́tọ̀, ojoojúmọ́ ni náírà ń bá a jẹ ẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀bùn tàbí pàṣípààrọ̀. Malaysia ra bàálù ogun Sukhoi 18 lọ́wọ́ Rọ́ṣíà ní nǹkan bíi 900 mílíọ̀nù dọ́là, Rọ́ṣíà sì fi ìjókòó kan ṣe ènì. Báyìí ni Sheikh Muszaphar Shukor ṣe gòkè ní oṣù Kẹwàá ọdún 2007. Ènì, bí ìyá oníwẹẹ̀rẹ̀ ṣe máa ń fi ìrẹsì ẹ̀kún ọwọ́ kan lé e lẹ́yìn tó bá ti wọ̀n ọ́n tán. Ṣùgbọ́n ẹ ní láti kọ́kọ́ ra ìrẹsì.

Ohun kan so àwọn ìlú wọ̀nyí pọ̀ tí àwa kò ní: ènìyàn. Malaysia ti yan méjì, wọ́n ti rán wọn lọ sí Rọ́ṣíà fún ìdálẹ́kọ̀ọ́. India ti mú awakọ̀ bàálù ológun mẹ́rin, wọ́n ti kọ́ wọn tán kí 2022 tó pé. Wọ́n pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ lè tọ́ka sí mẹ́rin náà lójúkorojú. Ní ti Nàìjíríà, mi ò gbọ́ orúkọ ẹnì kan láti 2016. Iléèwé ẹ̀kọ́ gbalasa fún gbogbo àwọn ará Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì wà ní Ilé-Ifẹ̀, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, láti 1998. A kò rí ọ̀nà tí a óò gbà yan ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀?

Kí a má parọ́ mọ́ ara wa, ìjọba tó lówó jù wá lọ náà ń ṣe é. Bush bàbá dúró ní Washington ní oṣù Keje ọdún 1989, ó ní Amẹ́ríkà ń padà sórí òṣùpá, yóò sì gba ibẹ̀ lọ sí Mars. Wọ́n ṣírò rẹ̀, ó fẹ́ tó 500 bílíọ̀nù dọ́là, ọ̀rọ̀ náà kú. Bush ọmọ tún un sọ ní 2004, ó dá 2020, Obama sì wọ́gi lé e ní 2010. Ìjọba Trump dá 2024, ọdún náà parí láìsí ẹsẹ̀ ẹnì kan lórí òṣùpá. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé níbi tiwọn, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti ka owó, kí wọ́n sì sọ ọ́ sókè pé kò ní tó. Níbi tiwa, onígbàjámọ̀ ló ṣe iṣẹ́ yẹn.

Lẹ́yìn ìkéde náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an kéré, ó sì dára. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, sátẹ́láìtì kan tí kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ní ìbú àti òró, tí ẹ lè gbé lé àtẹ́lẹwọ́, gòkè láti Florida. NigeriaEduSat-1 lorúkọ rẹ̀, Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Àkúrẹ́ ló ni ín, pẹ̀lú iléèwé kan ní Japan tí wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ariwo tó gba ìlú fún un kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ariwo tí 2030 gbà.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, NASRDA fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ SERA, pé ọmọ Nàìjíríà kan yóò rí ìjókòó nínú ọkọ̀ New Shepard ti Blue Origin, iléeṣẹ́ aládàáni kan l'Amẹ́ríkà, ará ìlú ni yóò sì dìbò yan ẹni náà. Ọkọ̀ yẹn máa ń kọjá kìlómítà 100 díẹ̀, á sì padà wálẹ̀. Kì í yí ayé po. Ẹ wo bí ìlérí ṣe ń sún: a bẹ̀rẹ̀ lórí arìnrìn-àjò gbalasa tó ń ṣiṣẹ́ ààbò orílẹ̀-èdè, a dé orí ìdìbò fún ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà, ẹnì kan ti ṣáájú ìdìbò lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2025, New Shepard gbéra ní ìwọ̀-oòrùn Texas pẹ̀lú ènìyàn mẹ́fà. Ọ̀kan nínú wọn ni Owólabí Salis, agbẹjọ́rò, ọmọ Ìkòròdú, tó ti dupò gómìnà Èkó rí, tó ń gbé ní New York. Kò lọ lórúkọ NASRDA. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú rẹ̀ ni Shubhanshu Shukla gbéra lọ sí ibùdó gbalasa àgbáyé, ọ̀kan nínú mẹ́rin tí India ti kọ́ sílẹ̀ ni, ìjọba India ló ra ìjókòó rẹ̀, ó sì lo ọjọ́ méjìdínlógún níbẹ̀ kó tó wálẹ̀.

Mo fi fídíò Salis han ọ̀gá onígbàjámọ̀ lórí fóònù mi. Ṣọ́ọ̀bù ti tóbi sí i, ó ti fi sólà sórí òrùlé, I-better-pass-my-neighbour ti di ibi tí adìẹ ń bà lé lẹ́yìn ilé. Ó wo rọ́kẹ́ẹ̀tì náà títí tó fi balẹ̀.

"Ọmọ Ìkòròdú?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ìjọba ló san owó ẹ̀?"

Mo ní rárá o.

Ó mi orí, ó dá fóònù mi padà, ó sì ní kí n tẹ orí síwájú díẹ̀, pé òun ò tíì gé ẹ̀yìn ọrùn.